Mo wá jábọ̀ o: ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì mi o. Ẹ rántí pé mo bèèrè níjọ́sí bí èmi nìkan ṣe máa fi owó oṣù ₦70,000 san owó ilé-ìwé ọmọ méjì n'Ìbàdàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n lọ bá ìyá onílé-ìwé fúnra mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ kí ilé-ìwé tó wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí mo máa san sẹ́yìn káàdì àwọn ọmọ. Àjọ la fi bẹ̀rẹ̀: ìyá oníṣu tó yẹ kó kó ti oṣù yìí gbà ká pààrọ̀, òun á kó tèmi lóṣù Kejìlá. (Ọdún Kérésì ló ń wò, kò kúkú pàdánù.)

Owó yíyá orí fóònù táwọn kan dábàá, mi ò sún mọ́ ọn. Mo mọ ẹni tí wọ́n kọ̀wé "onígbèsè" nípa ẹ̀ sí gbogbo ojúlùmọ̀ ẹ̀, títí kan pásítọ̀.

Bàbá wọn? Kò tíì gbé fóònù.

Gàárì là ń fà báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà ní kíláàsì. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé níbí.