Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi Tudor mi sílẹ̀, kí n fi owó lé e, kí n gba Rolex?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ aago. Inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń wọ Tudor Black Bay 58. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo máa ń nù ún ní alaalẹ́ kí n tó sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pé jọ nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ mi mú lójú gbogbo èèyàn, ó gbé e sókè, ó ní, "Rolex ẹni tí kò lówó Rolex nìyí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wo aago yìí, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbọ́.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú o. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta Rolex, mo ní Submariner, aago Rolex tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń wọ inú omi, ni mo fẹ́. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn wo bàtà mi kó tó wo ojú mi. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó ti lé ní ọdún kan báyìí, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbàgbé pé mo wà lórí fóònù, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tàkurọ̀sọ.

Ọ̀nà kan ti wá ṣí báyìí. Mo lè fi Tudor yìí sílẹ̀, kí n fi owó kún un, kí n gba Submariner. Ṣé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tó ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí?

Ìyá Ìbejì:
Ta lò ń wọ aago fún? Ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ó ta ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀ láìdá wa dúró rí, ó ra èyí tó ń dán, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Èyí tó ń dán yẹn kò jẹ́ ká sinmi. Fi aago rẹ sọ́wọ́, kí o bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ pé ohun tó ṣe dùn ọ́.

Bàbá Aláago:
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tú aago palẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ ìtàn. Hans Wilsdorf tó dá Rolex sílẹ̀ náà ló dá Tudor sílẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n forúkọ Tudor sílẹ̀ fún un ní Switzerland, ó sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tó dá dúró ní 1946. Ohun tó ń wá ni aago tí èèyàn lè gbára lé bíi Rolex, tí owó rẹ̀ kò ní ga tó bẹ́ẹ̀. Títí dòní, àjọ tó fi orúkọ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1945 ló ni méjèèjì. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n.

Láyé àtijọ́, tí o bá ṣí Tudor, wàá rí i pé ara rẹ̀ àti orí tí a fi ń yí i jẹ́ ti Rolex, ẹ̀rọ inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà níta. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2015 ni Tudor ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tirẹ̀. Èyí tó wà nínú 58 rẹ, tó o bá wáyìn rẹ̀ tán, yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 70. Submariner òde òní náà, wákàtí 70 ni.

Ìyàtọ̀ wà o, n kò ní parọ́. Irin 904L, irú èyí tí ìpata kì í tètè mú, ni Rolex ń lò, irin 316L tó wọ́pọ̀ ni ti Tudor. Òrùka tó yí ojú Submariner ká jẹ́ sẹ̀rámíìkì, kì í tètè há. Alumíníọ̀mù ni ti 58. Mítà 300 nínú omi ni ti Submariner, 200 ni tìrẹ. Rolex kò sì gbà kí aago rẹ̀ yára tàbí kó falẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ lójúmọ́.

Ọmọ Omi:
Mò ń wọ inú òkun ṣiṣẹ́, Bàbá, ẹ gbàgbé ìdè ẹ̀wọ̀n tó ń so aago mọ́ ọwọ́. Ti Submariner, o lè fà á gùn díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ omi láìlo irinṣẹ́ kankan. Ìyẹn nìkan tó mi láti yàn án. Tí kì í bá ṣe ti orúkọ lò ń wá, lọ wo Tudor Pelagos: títáníọ̀mù ni, mítà 500.

Àdùkẹ́:
Ẹ̀ ń sọ ti omi, ta ló ń lọ sómi? Ọ̀rọ̀ owó ni. Submariner kì í sábà jábọ́ lówó bí a bá fẹ́ tà á. Tudor máa ń jábọ́ díẹ̀ tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kó gba Rolex.

Ọmọ Omi:
Aago kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń rà pa mọ́, Àdùkẹ́. Ẹni tó ń ronú títà kò tíì rà á tán.

Àdùkẹ́:
Ẹni tó bá ṣe wàhálà kó tó rówó ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn bú èèyàn.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ:
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ẹ̀gbọ́n mi. Kì í gbọ́ ti kọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìtìjú ló ń dà mí láàmú, mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí ni. Mo ti rí Submariner náà, mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo dáadáa. Mo tiẹ̀ rí ẹ̀rọ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, gíláàsì ni ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ Rolex sára ohun tó ń yí nínú. Ó rẹwà ju tèmi lọ.

Bàbá Aláago:
Dúró. Gíláàsì lẹ́yìn Submariner?

Ọmọ mi, láti 1953 tí wọ́n ti ń ṣe Submariner, irin ni wọ́n fi ń dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ ta ni o ti rí i?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ:
Ó ní èyí yàtọ̀, pé wọn kò ṣe púpọ̀. Ó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ pé Rolex ń ṣe oní-gíláàsì báyìí.

Bàbá Aláago:
Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Èyí tí wọ́n pè ní 1908 ní i, tó jáde ní 2023, àti Daytona oníplátínọ́ọ̀mù ti ọdún kan náà. Submariner kò sí níbẹ̀. Ayédèrú ni ohun tí o gbé lọ́wọ́. Ìbéèrè mi ni o kò dáhùn: ta ló ni ín?

Ìyá Ìbejì:
O kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn gan-an lo ti fẹ́ rà á! Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ:
Ẹnì kan tí a pàdé lórí fóònù ni. A ti ríra lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mọ̀wà hù.

Tudor mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àná. Ó ní òun fẹ́ fi han ẹni tó máa rà á. Owó nìkan ni n kò tíì san.

Ọmọ Omi:
Má san kọ́bọ̀. Pè é nísinsìnyí, má sọ pé o ti mọ̀. Sọ pé o fẹ́ gba aago rẹ fún ìgbà díẹ̀.

Àdùkẹ́:
Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà, ẹ máà bínú. Má ṣe dá lọ pàdé rẹ̀ o.

Bàbá Aláago:
Wá káàdì tó bá aago rẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà aago náà wà lára rẹ̀. Òun la ó fi mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá gbé e lọ tà níbikíbi, òun náà ni wàá mú lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ìyá Ìbejì:
Ìyàwó rẹ ńkọ́, ó ti gbọ́?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ:
Mo ti rí káàdì náà, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé fóònù, ó ní ká wá bá òun láàárín wákàtí kan níbi tí èrò pọ̀ sí.

A ti wà lójú ọ̀nà báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wakọ̀.