Pẹ́pẹ́yẹ odò kọ́, òmòòkùn ni

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́nnẹ́ ní ká máa pe ẹyẹ omi kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní little grebe ní "pẹ́pẹ́yẹ odò". Àbúrò kan fèsì pé "apọnmọlúwẹ̀ẹ́" ló dùn jù. Èmi ò fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rárá, ti àbúrò náà kù díẹ̀ káàtó.

Ẹnu pẹ́pẹ́yẹ rí pẹlẹbẹ, ti eléyìí ṣe ṣóńṣó. Awọ ló so ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ pọ̀, ṣùgbọ́n ìka kọ̀ọ̀kan eléyìí ló ní awẹ́ tirẹ̀ bí ewé. Ẹ̀yìn pátápátá lẹsẹ̀ náà wà, ìyẹn ló jẹ́ kí ìrìn orí ilẹ̀ nira fún un, tó sì ń yára lábẹ́ omi. Gígùn rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 25 sí 29 lọ. Pẹ́pẹ́yẹ tí ìyá mi ń sìn l'Ódògbolú lè fi í ṣe ọmọ. (Ká má purọ́, ìyẹn náà ti sanrajù.)

Ní ti apọnmọlúwẹ̀ẹ́, òótọ́ ni pé ó máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn lúwẹ̀ẹ́, kìkì orí ọmọ la ó máa rí láàárín ìyẹ́. Ṣùgbọ́n oríkì nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Lóṣù tí kò bá pọn ẹnikẹ́ni ńkọ́? Bó bá jẹ́ oríkì la fẹ́, ẹ jẹ́ ká fi "afewébẹyin" kún un, torí ìtẹ́ rẹ̀ ń léfòó ni, ó so ó mọ́ koríko odò, ó sì máa ń fi ewé bo ẹyin kó tó kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni mímòòkùn. Ẹ̀ẹ́ rí i láàárín òṣíbàtà. Kẹ́ ẹ tó nawọ́ sí i fún ẹnìkejì, ó ti wọlé, ọ̀nà ibòmíràn ló ti máa yọ. Àwọn onímọ̀ tó pè é ní Tachybaptus ruficollis náà, yíyára mòòkùn ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú orúkọ yẹn, kí wọ́n tó kan ọrùn pupa, tó jẹ́ pé àsìkò ìyé nìkan ló ń pọ́n dáadáa.

Mo kọ́kọ́ rò ó sí "amòòkùn". Àmọ́ ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní rántí amòòkùnṣìkà? Ẹyẹ ò ṣẹ̀ wá. Òmùwẹ̀ là ń sọ, a kì í sọ amùwẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà yẹn, ká pè é ní òmòòkùn. Bí ẹnìkan bá ní ènìyàn náà lè jẹ́ òmòòkùn, ẹ fi "ẹyẹ" síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin ará Ìwọpin àti Mákùn-Omi, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín? Bí àwọn apẹja yín bá ti sọ ọ́ lórúkọ kí n tó dé, kí òmòòkùn tèmi kógbá sílé.