“Agbára ìdarí” kọ́ ni páwà sítíárìn

Àwọn tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò di Yorùbá ti gbé àbá méjì kalẹ̀ lórí orúkọ tí a ó máa pe páwà sítíárìn, ẹ̀rọ tó ń mú kí sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀: “agbára ìdarí” àti “ìtọ́kọ̀ alágbára”. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan.

Ẹni tó bá gbọ́ “agbára ìdarí” lójijì, ọ̀rọ̀ ìjọba ni yóò rò. Ọba ló ní in, alága ẹgbẹ́ ló ní in. “Ìtọ́kọ̀ alágbára” sàn díẹ̀, torí ohun tí a fi ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi là ń pè ní ìtọ́kọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì nira láti gbé e wọ mọ́tò. “Alágbára” yẹn ló bà á jẹ́. Irin ló so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ táyà. Epo tí pọ́ǹpù ń tì kàn ń bá ọwọ́ tì í ni. Bí bẹ́líìtì tó ń yí pọ́ǹpù bá já lójú títì, sítíárìn á ṣì yí, àfi pé yóò wúwo gan-an. Ìrànlọ́wọ́ ni láti ọdún 1951 tí Chrysler ti fi í sínú Imperial, mọ́tò àkọ́kọ́ tó ní in lọ́jà. Nítorí náà, “ìrànwọ́ ìtọ́kọ̀” ni tèmi. Ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ọwọ́ náà sì ni ẹ̀rọ yìí ń ràn.

Orúkọ tí kò bá nǹkan mu máa ń ṣi àtúnṣe lọ́nà. Ẹni tó bá gbà pé páwà ló ń darí mọ́tò, bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, pọ́ǹpù ni yóò kọ́kọ́ tú. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà tí kò dọ́gba, aláímẹ́ǹtì (bí táyà ṣe tò) tó ti yẹ̀ tàbí bíréèkì tó di táyà kan mú ló sábà máa ń fà á.

“Sítíárìn le” ni gbogbo ènìyàn ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò jù. “Wúwo” wà, “há” náà wà, àìsàn wọn kò jọra.

Bó bá wúwo lọ́tùn-ún lósì bákan náà, ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà iwájú, ẹ wo epo, ẹ wo bẹ́líìtì, kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Bó bá wúwo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́, tó fúyẹ́ bí ẹ bá tẹ iná, bẹ́líìtì ń yọ̀ tàbí pọ́ǹpù ti gbó. Bó bá wúwo lápá kan ṣoṣo, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀, torí pọ́ǹpù kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Fáàfù tó ń pín epo lórí ráàkì, irin gbọọrọ tó ń ti táyà sọ́tùn-ún sósì, ni kí ẹ fura sí, tàbí sílì inú ráàkì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo sá. Irú kan tún wà lára mọ́tò àtijọ́, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1989: yóò wúwo láàárọ̀, yóò fúyẹ́ bó bá gbóná. Òrùka fáàfù ti jẹ ara ilé alumíníọ̀mù tó ń yí nínú rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tutù, epo á gba ojú ibẹ̀ sá. Bó bá gbóná, òrùka á wú, á sì tún dí i. Epo tuntun kò lè wo èyí sàn. Ráàkì ni kí ẹ pààrọ̀.

Èyí tó há yàtọ̀. Yóò yí wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò dé ibì kan, yóò kọ́, kò sì ní fẹ́ padà sáàárín lẹ́yìn kọ́nà. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì, ẹ gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnì kan máa rọra yí sítíárìn, kí ẹlòmíì gbé ọwọ́ lé jọ́ìntì tó so òpó sítíárìn mọ́ ráàkì, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé ẹsẹ̀ táyà) kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti dípẹtà yóò ta ọwọ́ yín bó bá fẹ́ já níbi tó ti há.

Ní ti ariwo, wọ́n ní kí a pè é ní “sísunkún”. Èdè wa lówó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́líìtì ló ń *han*: fíín, pàápàá bí ẹ bá yí sítíárìn dópin. Pọ́ǹpù ló ń *kùn* bí oyin, kíkùn náà sì ń ga bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára. Afẹ́fẹ́ ló sábà ń mú un kùn. Ẹ ṣí agbè epo, ike tí epo páwà wà nínú rẹ̀: bí epo bá hó bí omi ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ibi tó ń gbà wọlé kì í sábà jò síta, torí fífà ni pọ́ǹpù ń fa epo níbẹ̀. Họ́òsì rọ́bà láti agbè sí pọ́ǹpù, ìdè rẹ̀, àti òrùka rọ́bà tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù ni kí ẹ pààrọ̀. Asẹ́ ìsàlẹ̀ agbè, níbi tó bá wà, lè dí, kí ó sì dá irú kíkùn kan náà sílẹ̀.

Ẹni tó pe iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ní “gbígba ẹ̀jẹ̀”, “bleeding” ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń tú. Lílé afẹ́fẹ́ jáde ni. Ẹ bu epo dé àmì, táyà iwájú lókè, ẹ́ńjìnnì ní pípa. Ẹ yí sítíárìn láti òpin dé òpin bí ìgbà 15 sí 20, ẹ máa bù kún un bó ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún un ṣe díẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mú ní òpin ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, torí pọ́ǹpù yóò gbóná. Irú epo tí wọ́n kọ sórí ìdérí agbè ni kí ẹ lò. Honda, fún àpẹẹrẹ, kò gba ọ́ìlì gíà pupa.

“Jò” nìkan kò tó fún epo tó ń bọ́ síta. Èyí tó ń *sun* lára họ́òsì lè dúró dọ̀la. Èyí tó ń *kán* kò lè dúró. Ẹ fún rọ́bà oníṣẹ́po tó wà ní etí ráàkì méjèèjì. Bí epo bá wà nínú rẹ̀, sílì ráàkì ti kú. Ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: agbára epo inú họ́òsì líle lè ju 1,000 psi lọ, ó lè gún awọ ara.

Ní ti ráàkì, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ráàkì. “Irin eléyín” tí wọ́n dábàá kò yà á sọ́tọ̀, torí pínìọ́nù, gíà kékeré tó wà nídìí òpó sítíárìn tó ń tì í, náà léyín.