Ṣé mo lè gba ohùn ẹni tó ń ta mọ́tò sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò fún mi lóṣù tó kọjá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé owó rẹ̀ kò ní ju 18,500 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí bíírò ti wà lọ́wọ́ mi láti fọwọ́ síwèé, mo rí i pé wọ́n ti fi 1,200 dọ́là kún iye yẹn, ó sì sẹ́ kanlẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Òfin wa níbí ní kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbà kí a tó gba ohùn wọn sílẹ̀; ní Virginia tó múlé tì wá, ẹnì kan ṣoṣo ti tó. Bí mo bá wá pe ọlọ́jà Virginia láti ilé mi ńkọ́? Àbí kí n kúkú ní kí wọ́n kọ gbogbo iye owó ránṣẹ́ kí n tó gbéra?