Irọ́ ló kún ìwé ìtàn ayé olórin yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Òǹkàwé Òru: Ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Ìwé tí olórin kan fi sọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, gbogbo ayé sì ń pọ́n ọn lé. Ó ní yàrá ẹrù lòun ń sùn nígbà tóun ń ṣe àwo orin àkọ́kọ́. Irọ́! Ó ní òun nìkan lòun kọ gbogbo orin òun. Irọ́! Àwòrán iwájú ìwé gan-an, ti ìgbà èwe rẹ̀ ni. Ṣé kí n tú àṣírí yìí síta?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, báwo lo ṣe mọ̀ pé irọ́ ni? Ṣé o wà níbẹ̀?

Afunkàkàkí: Kí lẹ tún ń retí? Títí Louis Armstrong, afunkàkàkí ará Amẹ́ríkà nì, fi kú, 4 July 1900 ló ń sọ pé wọ́n bí òun. Ìwé ìrìbọmi tí wọ́n wá rí lẹ́yìn ikú rẹ̀ sọ pé 4 August 1901 ni. Ṣé kàkàkí rẹ̀ wá di irọ́ ni? Bàbá mi náà bu ọjọ́ orí wọn kù nígbà tí wọ́n ń wáṣẹ́, títí dòní a ò mọ èwo ni ká gbà.

Tinúkẹ́: Ọjọ́ orí kọ́ là ń sọ. Charlie Chaplin, aláwàdà inú sinimá nì, kọ ìwé gbàǹgbà nípa ayé ara rẹ̀ ní 1964, kò dárúkọ Lita Grey, ìyàwó rẹ̀ kejì, ìyá ọmọ méjì! Ìyẹn ni mo ń pè ní irọ́.

Afunkàkàkí: Ó ní nítorí àwọn ọmọ náà ni. Ẹni tó dákẹ́ ò purọ́.

Tinúkẹ́: Ẹni tó bá ta ìdákẹ́ náà fún mi ńkọ́?

Òǹkàwé Òru: Mà, mo mọ̀ dájú. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé nígbà yẹn, ó ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo tún béèrè: ta ló sọ fún ọ?

Lọ́yà Kékeré: Ẹ fara balẹ̀. Ní 1966, Hedy Lamarr, òṣèré sinimá nì, fúnra rẹ̀ pe àwọn tó tẹ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́jọ́, ó ní àwọn tó bá òun kọ ọ́ ló hun irọ́ sínú rẹ̀. Ta ló bá olórin yìí kọ tirẹ̀?

Òǹkàwé Òru: Èmi ni. Ohùn rẹ̀ wà lórí téèpù lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ jíṣẹ́ ni wọ́n gbé yàrá ẹrù wọlé, torí pé ìyà máa ń tajà.

Tinúkẹ́: Háà! O ò sì sọ látàárọ̀!

Lọ́yà Kékeré: Kí lo fọwọ́ sí?

Òǹkàwé Òru: Pé n ò ní sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà níbikíbi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ewé ìdúpẹ́: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá rẹ̀. Orúkọ tèmi dà?

Ìyá Ìbejì: Ẹn-ẹ́n. Ó ti yé mi wàyí.

Lọ́yà Kékeré: Pa ohun tó o kọ síbí rẹ́ kíákíá. Wá ìwé àdéhùn yẹn, wo ẹni tó ni téèpù, kí agbẹjọ́rò kà á kó o tó lanu.

Òǹkàwé Òru: Ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa olùkọ́ rẹ̀ náà, irọ́ ni o.