Ráàmù kì í ṣe ìrántí, wàláà ni

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà ní "ìrántí" ni ká máa pe ráàmù (RAM) inú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kí fífi òmíràn kún un sì máa jẹ́ "ìgbéga ìrántí". Àbúrò wa ní Òmù-Àrán fèsì pé "ìsọ̀yè" ló wu òun. Mo kí yín méjèèjì fún làálàá yín, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, n ò bá ẹnì kankan lọ nínú yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ "ìrántí" wò. Ẹ jókòó díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú títì Táíwò níbí ní Ìlọrin, ẹ ó gbọ́ tí oníbàárà á wọlé tí á ní, "Ẹ bá mi fi mẹ́mórì kún un, fídíò ìgbéyàwó àbúrò mi ò wọlé mọ́." Ọ̀rọ̀ ráàmù kọ́ nìyẹn rárá, ibi ìpamọ́ (hard disk tàbí SSD) ló kún. Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn á tún dé. Ibi ìpamọ́ tirẹ̀ ṣófo rẹpẹtẹ, àmọ́ bó bá ti ṣí Excel, tó tún ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá pọ̀, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó nílò ráàmù gan-an rè é. Gẹ̀ẹ́sì ló da nǹkan méjèèjì pọ̀ sábẹ́ "mẹ́mórì". Bí a bá fi "ìrántí" tú u, ìdàrúdàpọ̀ wọn la kàn gbà ṣe tiwa.

"Ìsọ̀yè" tiẹ̀ tún burú jù. Kí ohun tí èèyàn kọ́ má baà ṣí lọ lórí rẹ̀ ni a ṣe ń lo ìsọ̀yè. Ráàmù ńkọ́? Bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ parẹ́. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin tó tẹ ojú-ewé mẹ́ta iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ láìfi pamọ́, tí bátìrì wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìsọ̀yè wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéú rí ti mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ mú wá: wàláà. Àáfà á fi kálàmù àti tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sójú pákó yẹn, ọmọ á máa kà á títí á fi mọ̀ ọ́n, wọ́n á wá fi omi fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á kọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń fi wàláà ṣe ibi ìpamọ́. Orí ọmọ àti inú Kùránì ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Ojú wàláà ni iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí ráàmù ń ṣe náà nìyẹn. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣe, ó ní láti dà á kọ láti ibi ìpamọ́ sórí ráàmù kó tó lè fọwọ́ kàn án. Bí ráàmù bá kéré, á máa kó díẹ̀ padà síbi ìpamọ́, á kó òmíràn wá, á tún lọ gbé ti àkọ́kọ́ padà. Ibi ìpamọ́ kò sì yá tó ráàmù, pàápàá hard disk tó ń yí. Bí ẹ bá sọ fún ìyá arúgbó ní Pàkátà pé wàláà kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ ló kéré, ẹ ò ní ṣàlàyé jìnnà kó tó yé e.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí ni, àti pé láti inú Lárúbáwá ló ti wá. Wákàtí ńkọ́? Àlàáfíà ńkọ́, tó kún inú Bíbélì Yorùbá? Ẹni tó bá ní ká lé wàláà jáde, kó ṣetán láti máa ka aago láìdárúkọ wákàtí.

Ó wá ku "ìgbéga". Ọ̀gá níbi iṣẹ́ la ń gbé ga. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń bi èèyàn ni pé, "Ẹ fẹ́ fi kún un ni, àbí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn nítumọ̀. Bí sílọ́ọ̀tì (ihò tí a ń ki ráàmù bọ̀) méjì bá wà, tí ráàmù 4GB (GB la fi ń wọn bó ṣe tóbi tó) wà nínú ọ̀kan, tí ìkejì ṣófo, wọ́n á fi 4GB mìíràn kún un, ó di 8GB. Bí méjèèjì bá ti kún, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde kí èyí tó tóbi jù ú tó wọlé. Àfikún àti ìpààrọ̀ ni mo fẹ́ ká lò, nítorí owó wọn kò dọ́gba. Kọ̀ǹpútà tó bá sì ń lo Windows 32-bit, ìyẹn irú Windows àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta àfikún tó máa mú àpapọ̀ ráàmù rẹ̀ ju 4GB lọ fún un, kò lè rí èyí tó kù lò.

Ní ti DDR3 àti DDR4, tí wọ́n jẹ́ oríṣi ráàmù méjì, mo dá a lábàá pé ká pè wọ́n ní ìran kẹta àti ìran kẹrin. Ọ̀kan kì í wọ sílọ́ọ̀tì èkejì. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ibi tí wọ́n ti gé etí wọn wọ inú yàtọ̀. Ti alágbèéká ìran kẹta ní eyín wúrà 204, ìran kẹrin ní 260. Ẹni tó bá fi agídí tì í, sílọ́ọ̀tì ló máa fọ́. Ìdàgẹ̀rẹ̀ la ń kì í bọ̀ ọ́, ká tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí irin kéékèèké ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dún "ta!" tó gbá a mú. (Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kí ẹ tó dì í mú, torí iná ara aṣọ lè bà á jẹ́.)

Àwọn kọ̀ǹpútà bíi MacBook Air kò tiẹ̀ ní sílọ́ọ̀tì; wọ́n ti jó ráàmù wọn mọ́ inú. Fún ìyẹn, "wàláà àjómọ́", kí èyí tó ṣeé yọ máa jẹ́ "wàláà àkìbọ̀". N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún SSD. "Àpótí" tí ẹ̀gbọ́n mi ará Ọ̀fà ní ká máa pe ibi ìpamọ́ bá hard disk mu dáadáa, àmọ́ ṣé àpótí kan náà la ó máa pe méjèèjì, nígbà tí ọ̀kan ń yí, tí ìkejì kò mira? Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ bá wa dá sí i.