Ìṣubú wo ló tún ń jẹ́ "àìròtẹ́lẹ̀"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orúkọ Yorùbá tá a máa fún "accidental fall", ìyẹn ìṣubú ẹni tó ṣèèṣì ṣubú, la ń wá. Ẹni tó ní ká máa pe ti àwọn tó ṣubú dé ọsibítù ní "ìṣubú àìròtẹ́lẹ̀", mo gbọ́ yín, àmọ́ kò wọ̀ mí létí. Ta ló ń ro ṣíṣubú tẹ́lẹ̀ ná? Ìdí fáìlì aláìsàn ni mo ti ń jẹun ní Ìlọrin níbí, kóòdù ICD-10, ìyẹn àkójọ kóòdù àìsàn àti ìfarapa ti àjọ ìlera àgbáyé (WHO), la fi ń kọ ọ́, W00 dé W19 ni ti ẹni tó ṣèèṣì ṣubú, ohun tí wọ́n sì ń béèrè níbẹ̀ ni pé báwo ló ṣe ṣubú. Yorùbá ti dáhùn ìyẹn tipẹ́.

Ẹsẹ̀ ẹ yọ̀ àbí o kọsẹ̀ nílẹ̀ pẹrẹsẹ, W01. O já bọ́ látorí igi máńgòrò, W14. O kó sí kànga, W17. Ẹ dúró níbi "kó sí" yẹn ná, torí tí mo bá ní lágbájá kó sí kànga, ẹ ti mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ní ó bẹ́ sí kànga, ilé ti dàrú nìyẹn, kóòdù ẹ̀ ò sí nínú W mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ti gbé "àìròtẹ́lẹ̀" yín pọ̀n kẹ́ ẹ tó dé.

Ìyá àgbà kan wá lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ti kán, nọ́ọ̀sì kàn kọ ọ́ pé wọ́n ṣubú, ó tán. Mo lọ bá wọn. Wọ́n ní "wọ́n tì mí ni". Háà! Ẹni tí wọ́n tì, ibòmíì lọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ, tó bá jẹ́ ọmọdé ló sáré kọ lù wọ́n, W03, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ tì wọ́n látòkè, Y01. Mo ní "Ìyá, ta ló tì yín?" Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "ayé ni". Ìgbà tá a sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ ló tó yọjú pé omi ọṣẹ ló wà nílẹ̀ balùwẹ̀. S52 fún egungun apá ìsàlẹ̀ tó kán, W01 fún ẹsẹ̀ tó yọ̀. (Ayé ò ní kóòdù.)

Ẹni tó ní ká lo "jàǹbá ìṣubú", ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀, ṣebí a máa ń sọ pé wọ́n ṣe èèyàn ní jàǹbá, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe gan-an nìyẹn. Tá a bá fẹ́ orúkọ kan tó máa kó gbogbo W yẹn pọ̀, "ìṣubú èèṣì" tó mi. Èyí tó ń dà mí láàmú ni W19, ti ẹni tó ṣubú tá ò mọ bó ṣe ṣubú, òun ló sì ń pọ̀ jù lọ́wọ́ wa torí wọn ò kì í kọ nǹkan sí káàdì, "ìṣubú lásán" ni mo ń pè é, kò sì dùn lẹ́nu mi. Ẹ bá mi wá òmíràn.